Gààrí Tí Kò Gbọdọ̀ Kan

Bí Rose Akínpẹ̀lú bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ọjà ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́bàá yunifásítì, ó lè jẹ́ ìsọ̀ kékeré ní Sábó níbi tí wọ́n ti ń ta ṣúgà àti iyọ̀. Yóò na ọrùn. Yóò yọjú sẹ́yìn agolo mílíìkì àkọ́kọ́, kí ó lè mọ̀ bóyá òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí iwájú nìkan ni wọ́n tò dáadáa láti fi tan ojú.

Ìtìjú gbáà ni fún Goodness, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì náà.

"Mọ́mì, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ jí nǹkan ni."

"Kí wọ́n máa rò ó. Ọjà wọn ti ń tán. Lọ mú méjì."

Erékùṣù ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Sao Tome. Ilẹ̀ kékeré kan láàárín òkun, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gun òkè rẹ̀, omi ni yóò máa rí lọ́tùn-ún, omi lósì.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í bẹ̀rù ìrìn àjò. Gánà. Àbíjàn. Nìjẹ̀. Bàbá á lọ, ọmọ á tẹ̀ lé e. Rose àti Kọ́láwọlé ọkọ rẹ̀ kàn lọ jìnnà díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ ni: wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ta aṣọ àti bàtà lọ́hùn-ún fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n bí Goodness síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ èdè Potogí débi tí wọ́n fi ń fi í ná ọjà, tí wọ́n sì ń fi í jà. Ibẹ̀ náà ni Kọ́láwọlé kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ìró òkun.

Ètò ayé ibẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Kòkó ń jáde. Gbogbo nǹkan yòókù ń wọlé. Ìrẹsì, ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òróró, sìmẹ́ńtì, dísù tí wọ́n fi ń tan iná ìlú: ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti òkè òkun. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ilé búrẹ́dì á ti ilẹ̀kùn, iná á kú, mọ́tò á tò lọ bẹẹrẹ nílé epo. Bí ó bá sì dé, kò lè sún mọ́ etíkun, nítorí omi ibẹ̀ kò jìn. Yóò dúró lókèèrè bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó wọlé, àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ kéékèèké á sì máa lọ já ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn èèyàn á dúró létí omi, wọ́n á máa wò ó. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn. Kí ló gbé?

Ọdún kan wà tí ìrẹsì tán, tí ìyẹ̀fun tán, tí àwọn ìyá ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ọkọ̀ dé nígbẹ̀yìn. Wáìnì ló gbé. Wáìnì, àti táìlì. Lurdes, obìnrin ọmọ erékùṣù náà tó ń ta oúnjẹ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Rose, jókòó sórí àpò òfìfo, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀.

"Rose," ni ó wí, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ta ló bi wá rí pé kí la fẹ́ jẹ?"

Rose wo ìsọ̀ tirẹ̀. Bàtà ni òun náà ń tà. Bàtà tí ọkọ̀ kan gbé wá.

Lẹ́yìn ikú Kọ́láwọlé ni ó padà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ láti òkèèrè, yàrá kan lọ́dún yìí, fèrèsé kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é, láì ní ọ̀dà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un nígbà ọmọdé, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti di ìyá àgbà. Ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Under G, láàárín àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Sùpàgẹ́tì, mílíìkì, ọṣẹ, ṣúgà.

Àsìkò tí dọ́là gun igi tí kò sọ̀ mọ́ nìyẹn. Bí Rose bá lọ kó ọjà lọ́sẹ̀ yìí, iye owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti di ìtàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, wọ́n á gbé sùpàgẹ́tì, wọ́n á bèèrè iye rẹ̀, wọ́n á sì rọra gbé e padà sípò bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

"Mọ́mì, ẹ tún ti fi kún un."

"Èmi kọ́. Dọ́là ni."

"Ṣé dọ́là náà ń jẹ sùpàgẹ́tì ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Rose lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bá a délé. Wọn kì í gbin àlìkámà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mílíìkì inú agolo, màlúù rẹ̀ kò sí ní Sábó. Òkè òkun ló wà. Ó wá yé e pé èèyàn lè máa gbé ní erékùṣù láì rí òkun.

Láàárín àsìkò yìí ni Lurdes ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohùn gígùn, tí ariwo ọjà àti adìẹ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ pẹ́. Dísù kò sí. Àwọn tó ń ṣe farinya kò rí epo fi sẹ́nu ẹ̀rọ.

Farinya jọ gààrí. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á yan án. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé àwọn ará erékùṣù kì í jẹ́ kó kan. Wọ́n ń bu ú wọ́n orí ọbẹ̀ ẹja. Ohun tó bá kan lẹ́nu wọn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà kan rí, Rose gbé gààrí ilé wá fún Lurdes, gààrí Ọ̀yọ́ gidi tó ń tani lẹ́nu. Lurdes dúpẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó dà á fún adìẹ. Àwọn adìẹ náà kò jẹ ẹ́ tán.

"Rose, ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ yín," ni ohùn Lurdes wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. "Kí lẹ ń fi ṣe?"

Rose jókòó sẹ́yìn káńtà, ó tún ohùn náà gbọ́. Ó rò ó títí. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà tó máa ń gba Èkó lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòyí-Ilé kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gẹ́ sì kún oko wọn. Kò sí dọ́là nínú ilẹ̀ Ìkòyí-Ilé.

Ó tẹ fóònù, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

"Lurdes, ohun tí ẹ̀ ń jẹ ni mo máa fi ránṣẹ́ sí yín. Kì í ṣe ohun tí a ní."

Lurdes gbà á gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ kan gbé ìrẹsì wá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rọ́ lọ rà á, kò bá wọn rà. Ó pa àyè ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ de ẹrù Rose. Ó sọ fún gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ pé farinya ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun.

Ní Ìkòyí-Ilé, lábẹ́ igi máńgòrò kan, ni àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ti máa ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ ń rin òmíràn, ó ń ké. Àpò gààrí tútù wà lábẹ́ òkúta ńlá, omi ń ro tó tó láti ara wọn. Ọ̀gá wọn ni Safurat, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Mashood, obìnrin tó ga, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Rose ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fún un.

"Kò ní sùn nínú àpò?" Ìyá Mashood bi í.

"Kò ní sùn."

"Kódà kó kàn rẹjú díẹ̀?"

"Ìyá Mashood, kò gbọdọ̀ rẹjú. Láàárọ̀ kí ẹ rin ín, kí ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ yan án kí ilẹ̀ tó ṣú."

Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn kò gbé orí sókè. "Gààrí tó ń ṣe àìsùn. Ṣé ó ti di ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rose náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ iye àpò tó fẹ́, ó sọ ọjọ́ tó fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Saifudeen, awakọ̀ tó gbé Rose wá, ti ń tẹ fèrè lójú títì nítorí pé ó ní ẹrù mìíràn láti gbé.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbẹ̀," ni Rose wí lórí ìdúró, ó ti ń kọjú sí ọkọ̀. "Ẹ bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀."

"A ti gbọ́," ni Ìyá Mashood fèsì.

Rose bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fẹ́ tún ẹrù náà dì kó tó máa lọ sí Èkó. Àpò kéékèèké ni Lurdes fẹ́, èyí tí obìnrin kan lè dá gbé láti inú ọkọ̀ pẹlẹbẹ. Mìkáílù, àbúrò Kọ́láwọlé, ní yàrá ńlá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó ń kó awọ sí. Ìrọ̀rí aláwọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, bí gbogbo ilé wọn. Kọ́láwọlé nìkan ló tẹ̀ lé Rose lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti tán láàárín wọn tipẹ́. Rose dàgbà jù ú lọ dáadáa. Síbẹ̀ "ọkọ mi" ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọkùnrin tó bá nílé ọkọ.

Wọ́n jókòó de ọkọ̀ Saifudeen. Mìkáílù ń ran ẹnu ìrọ̀rí kan pa.

"Ẹ wo èyí," ni ó wí. "Awọ rẹ̀ nìkan ni ti ilé. Òwú ìránṣọ, òkèèrè. Gọ́ọ̀mù, òkèèrè. Síìpù, òkèèrè. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ibi tó ti wá sí i lára, kí ni n óò kọ, ìyàwó mi?"

"Ẹ kọ Ọ̀yọ́."

"Irọ́ nìyẹn ná."

"Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́."

Ọkọ̀ dé kí ẹ̀rín náà tó tán. Saifudeen já ẹrù sílẹ̀, àpò lórí àpò. Mìkáílù mú ọ̀bẹ, ó gé okùn ẹnu àpò àkọ́kọ́.

Òórùn náà jáde. Òórùn tó dára. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tó bá gbọ́ òórùn yẹn, omi lásán ni yóò máa wá kiri.

Mìkáílù bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó pa ojú dé. "Súbúhánálláhì. Gààrí rèé."

Rose mú ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ahọ́n. Ó dúró. Ó ní kí wọ́n ṣí àpò kejì. Ó ní kí wọ́n ṣí òmíràn láti abẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣí èyí tó wà nígun yàrá.

"Kí ló dé?" Mìkáílù bi í.

"Ó kan."

"Ó dùn, ẹ wí."

"Ọkọ mi, ó kan."

Saifudeen dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọrùn. "Mọ́mì, àwọn ìyá yẹn ní kí n sọ fún yín pé àwọn fara balẹ̀ ṣe é o. Wọ́n ní àwọn tọ́jú ẹ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ."

Ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Gààrí náà kúnná, ó gbẹ, kò ní ìdọ̀tí kankan nínú. Ó ti pẹ́ tí Rose ti rí irú rẹ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà.

Ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù lọ sí Èkó ti wà níta. Awakọ̀ rẹ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ojú omi kò ní dúró de ẹnì kankan.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni Mìkáílù wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣáà ní ebi ń pa wọ́n."

"N kò sọ pé ebi ń pa wọ́n. Mo ní ọkọ̀ wọn pẹ́."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Rose rò ó. "Ẹni tí ebi ń pa, ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín lẹ ó fún un. Kò burú. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ ra oúnjẹ wọn ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà."

"Bí ó bá dé ibẹ̀, tí kò sí òmíràn, wọ́n á jẹ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Rose wí. "Wọ́n á jẹ ẹ́."

Ibi tó ti ń dun Rose gan-an nìyẹn. Wọ́n á jẹ ẹ́. Wọ́n á fajú ro, wọ́n á da ọbẹ̀ púpọ̀ lé e, wọ́n á jẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe mu wáìnì ọjọ́sí. Lurdes kò ní ṣàròyé. Yóò tà á fún àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sì ní wo ojú wọn. Tí Rose bá bèèrè, yóò ní ó dára, ó ṣeun. Gbogbo ọkọ̀ tó ti ń dúró lókèèrè lójú omi yẹn látijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe: wọ́n gbé ohun tí wọ́n ní wá, wọ́n sì ta á. Kò sí èyí tó ṣèlérí nǹkan mìíràn nínú wọn. Òun nìkan ló ṣèlérí.

Ó jáde sí àgbàlá, ó pe Lurdes. Èdè Potogí ni wọ́n sọ. Mìkáílù kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbé ọwọ́ lé ògiri.

"Lurdes, kò sí tèmi nínú ọkọ̀ yìí."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá. Wọ́n jẹ́ kó kan."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ariwo ọjà ń wọlé láti ẹ̀yìn ohùn Lurdes. Ẹnì kan ń pe ẹja.

"Mo ti sọ fún àwọn èèyàn," ni Lurdes wí.

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n wá gbé sórí tábìlì?"

Rose yí fóònù sí etí kejì.

"Ẹlòmíràn ì bá fi ránṣẹ́," ni Lurdes wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì lọ sílẹ̀. Títí dòní Rose kò mọ̀ bóyá ó ń yìn ín ni, tàbí ó ń bá a wí.

Rose ní kí ọkọ̀ Èkó máa lọ lófìfo.

Ní Under G tí Rose kó o lọ, gààrí náà kò gbélé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òpópónà. Gààrí tó kan, omi tútù, ẹ̀pà: kí ni ọmọ tó ń kàwé tún ń wá? Wọ́n ń gbé abọ́ wá láti ilé. Àwọn kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń mu ún níbẹ̀.

"Mọ́mì, irú èyí ló yẹ kí ẹ máa tà," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Basit ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó bèèrè lọ́jọ́sí bóyá dọ́là ń jẹ sùpàgẹ́tì. "Èyí ò ní dọ́là nínú."

Rose fẹ́ sọ fún un pé dísù tó rin ín ní dọ́là nínú, àpò tó gbé e wá náà ní. Ó wò ó bó ṣe ń fi síbí lu abọ́. Ó bu ẹ̀pà díẹ̀ kún tirẹ̀.

"Ẹ ò yọ̀, Mọ́mì," ni Goodness wí nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán. "Ọjà tà. Kí ló kù?"

"Ọjà tà."

"Ṣé ti Àǹtí Lurdes ni? Ẹ ti ṣàlàyé fún wọn. Ó ti yé wọn."

"Ó yé e," ni Rose wí. "Ìyẹn kò sọ pé ó ní nǹkan tó ń tà."

Ó dúró kí ìbínú kúrò lára rẹ̀ kó tó padà sí Ìkòyí-Ilé. Kò tètè kúrò. Lọ́jọ́ tó lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin náà sì ti fi abẹ́ igi sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì Goodness. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹrù dé ibẹ̀ láyọ̀?"

"Kò kúrò ní Ọ̀yọ́."

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró lórí ẹ̀gẹ́.

"Ó kan, Ìyá Mashood."

"Ó yẹ kó kan," ni Ìyá Mashood wí. Ojú kò tì í, kò sì gbéraga. Ó na ọwọ́ sí àpótí kan. "Ẹ jókòó ná."

Ó mú ẹ̀gẹ́ kan láti inú òkìtì, ó bó o, ó gé ibi kékeré lára rẹ̀, ó nà án sí Rose. "Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ má gbé e mì."

Rose fi ẹnu kàn án, ó sì tu ú dànù. Ó korò débi pé ó dì í ní ahọ́n.

"Ẹ̀gẹ́ oko wa nìyẹn. Àwọn baba wa fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọ̀yà kì í jẹ ẹ́. Bí kò bá sùn, oró rẹ̀ kì í jáde tán. Ẹ wá ní kí a yan án lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kó o sọdá òkun fún ọmọ ọlọ́mọ. A wo ara wa. A ní obìnrin yìí ò mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ jókòó ni?"

Òjò ń lu páànù. Rose wo àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun méjì péré ló bá wọn sọ lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oorun: iye àpò, àti ọjọ́. Kò bèèrè irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ní.

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi," ni ó wí, "ẹ sì bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó gbà mí gbọ́. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Bí ẹ bá ti ní kò ṣeé ṣe, ǹ bá ti sọ fún un kó ra ìrẹsì."

Ìyá Mashood bó ẹ̀gẹ́ mìíràn tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyẹn náà wà níbẹ̀," ni ó wí. "A kò rò ó débẹ̀. Gààrí tó dára la rò."

"Ó dára. Ó ti tán ní Under G."

"Ẹ ò rí i?" ni obìnrin tó wà lẹ́yìn wí, ẹni àìsùn ọjọ́sí. Wọ́n wò ó, ó sì tún gbájú mọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Rose bèèrè nípa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń sè jẹ, èyí tí kò korò. Ó wà, ni wọ́n wí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbìn ín sí fún àwọn ọmọ, ìdí díẹ̀ níhìn-ín, ìdí díẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò tó ohun tí èèyàn ń gbé wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Mashood rán ẹnì kan lọ wú ìdí kan wá. Wọ́n fi ọwọ́ rin ín lára páànù tí wọ́n dá ihò sí, wọ́n fún un nínú aṣọ funfun, wọ́n yan án lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n abọ́ kan péré. Rose tọ́ ọ wò. Ó jẹ́ ti erékùṣù bí ó ti yẹ kó jẹ́. Rose kọjú sí ibòmíràn.

Ìyá Mashood náà bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́. "Kò sọ nǹkan kan," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ọbẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Oko ló kù. Ẹ̀gẹ́ dídùn, gbogbo ayé ló máa bá yín jẹ ẹ́. Ọ̀yà, ewúrẹ́, àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀."

Rose kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lurdes láti abẹ́ páànù náà pé òun fẹ́ gbìn ín ni, pé yóò tó ọdún tó ń bọ̀. Èsì wọlé kí wọ́n tó jẹ abọ́ farinya náà tán. Lurdes ti ra ìrẹsì tí ọkọ̀ mìíràn gbé wá. Kò dára, ó ní, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n tábìlì kò lè ṣófo. Ó wá fi kún un pé: ọdún tó ń bọ̀ jìnnà, Rose. Kò ní kó má gbìn ín.

Wọ́n gbìn ín nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ dáadáa, lórí ilẹ̀ kan tí àwọn ará ilé Ìyá Mashood yọ̀ǹda, lẹ́yìn oko àgbàdo wọn. Igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ tò ó. Rose ká aṣọ sókè, ó ń ki í bọlẹ̀ bí wọ́n ṣe fi hàn án, ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. Nígbà tí wọ́n parí, ó rí i pé Ìyá Mashood ń gbin igi mìíràn yí oko náà ká, ìlà kan gbáko.

"Kí nìyẹn?"

"Èyí tó korò. Kí ọ̀yà kọ́kọ́ bá a pàdé. Bó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oko rí."

Rose na ẹ̀yìn. Ó wo ìlà náà, ó wo àárín oko. Igi méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá.

"Ìyá Mashood, bí a bá ń wú u, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti erékùṣù?"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

"Èmi ńkọ́?"

Ìyá Mashood tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí igi tó kẹ́yìn, ó gbọn ọwọ́. "Ẹ ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Láti àárọ̀ títí a ó fi yan án. Mo ti ní kí wọ́n bá yín kan àpótí tí ẹ ó jókòó lé."